Ta Ni Yóò Máa Tọ́jú Dátà Ìwádìí Wa Nígbà Tí Owó Bá Tán?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, orí láfún ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fi wọn bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń gbẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá aláfún ní abúlé mọ́kànlá. Orí laptop mi àti fláàṣì méjì ni gbogbo rẹ̀ wà. Owó ìwádìí kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún wa, wọ́n sì fi mí sí ìgbìmọ̀ tí yóò pinnu ibi tí a ó máa kó dátà sí. Àwọn kan ní ká ra sáfà tiwa, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí a ó máa kó dátà sí, ká kọ orúkọ wa sí i lára. Àwọn kan ní ká kó o sí Zenodo, ibi ìpamọ́ dátà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ọ̀fẹ́ ni. Inú sì bí àwọn àgbà kan, wọ́n ní a fẹ́ kó ọrọ̀ wa fún òyìnbó. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Dọ́kítà wa, mo kí yín, mo kí ìgbìmọ̀ yín. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èrò mi: ẹ má ra sáfà. Ẹ wá ilé-ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó jọ máa san owó oṣù ẹnì kan tàbí méjì tí iṣẹ́ wọn kò ní ju kí wọ́n máa tọ́jú dátà lọ. Ibi tí fáìlì yóò sùn rọrùn láti rí lóde òní. Ẹni tí yóò máa jí wò ó ló ṣọ̀wọ́n.

Mo ti bá òkú sáfà gbé rí. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ni mo wà nígbà náà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Owó ìwádìí wọlé, wọ́n ra ẹ̀rọ tó dára, wọ́n ṣètò yàrá fún un, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, wọ́n ra ínfátà àti báàtìrì mẹ́jọ. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, gbogbo wa ya fọ́tò. Lọ́dún kejì, iṣẹ́ ṣì ń lọ. Lọ́dún kẹta, owó ìwádìí parí. Báàtìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ibi kankan nínú ìṣúná ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti lè yọ owó òmíràn. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, ẹ̀rọ náà ń kú, ó ń jí, títí díìsìkì rẹ̀ fi bàjẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ti jápá lọ sí Kánádà, òun nìkan ló sì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Owó tí wọ́n fi ń sọ orúkọ ìkànnì náà dọ̀tun lọ́dọọdún kò tó nǹkan, àmọ́ kò sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti san án, ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn àpilẹ̀kọ tí àwa fúnra wa tẹ̀ jáde wá ń tọ́ka sí ojúlé tí kò sí mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wá bá mi tẹkúntẹkún: ìwọ̀n òjò ọdún mẹ́ta tó kó jọ fún oyè ọ̀mọ̀wé wà nínú ẹ̀rọ náà. A kò rí i gbà padà. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ilẹ̀ wa nìkan ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ibi ìpamọ́ dátà kan sílẹ̀ ní 1996, Arts and Humanities Data Service lorúkọ rẹ̀. Iná kì í lọ níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì mọṣẹ́. Nígbà tó di 2008, àwọn tó ń fún wọn lówó dáwọ́ dúró, ilé náà sì túká. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní York tó ń tọ́jú dátà àwọn awalẹ̀pìtàn, Archaeology Data Service. Ìyẹn ṣì wà láàyè di òní, lára ìdí rẹ̀ sì ni pé ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kó dátà wá. Ní ti dátà tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan bíi tiyín, ìwádìí kan jáde nínú jọ́nà Current Biology ní 2014. Àwọn oníwádìí náà lọ wá dátà àpilẹ̀kọ 516 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 2 sí ọdún 22. Wọ́n rí i pé ìrètí pé a ó ṣì bá dátà náà ń fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù lọ́dọọdún. Laptop tuntun dé, ti àtijọ́ wọ àjà. Ẹni tó ni ín fẹ̀yìn tì. Fláàṣì sọnù nínú ọkọ̀. Bó ṣe máa ń lọ náà nìyẹn.

Àwọn bàbá wa mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé, torí wọ́n ní ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ní àárò. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé ló ń bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ á péjọ, wọ́n á po amọ̀, wọ́n á mọ ògiri, onílé á fún wọn lóúnjẹ, àwo ẹmu á yí ká, ọ̀rọ̀ bùṣe lọ́jọ́ yẹn. Àárò ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí agbára wọn dọ́gba ló ń yí oko ara wọn ká, lónìí oko Àjàó, lọ́la oko Àkànní, títí yóò fi kárí, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, nítorí pé koríko kì í sinmi. Owó ìwádìí tó wọlé fún yín yìí, ọ̀wẹ̀ ni. Ìtọ́jú dátà, àárò ni. Ohun tó pa sáfà wa nígbà yẹn ni pé a fi owó ọ̀wẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àárò, a kò sì yan ẹni tí oko máa kàn tẹ̀lé wa.

Ní 2015, Geoffrey Bilder, Jennifer Lin àti Cameron Neylon kọ ìlànà kan fún irú àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ tí gbogbo ayé jọ ń lò. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ bá ọ̀rọ̀ wa mu gan-an: owó tó ní ọjọ́ ìparí, iṣẹ́ tó ní ọjọ́ ìparí ni kí a fi ṣe. Wọ́n tún ní kí irú ilé bẹ́ẹ̀ máa tọ́jú owó kan sọ́tọ̀ tí yóò lè gbé e fún bí ọdún kan tó bá di pé ó fẹ́ kógbá sílé, kí wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, bí ẹni kọ ìwé ìhágún, ibi tí àwọn nǹkan inú rẹ̀ yóò lọ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ yín lè sọ pé èèwọ̀ ni kí ilé tuntun máa sọ ọ̀rọ̀ ikú. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. A kò sọ tiwa.

Báwo ni àárò yín ṣe lè rí? Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ìkàwé yunifásítì kan ti ń ṣe é, Data Curation Network ni wọ́n ń pè é. Wọ́n rí i pé kò sí ilé ìkàwé kan tó lè gba amòye lórí gbogbo ẹ̀yà dátà: ẹni tó mọ máàpù, ẹni tó mọ àbùdá ẹ̀dá, ẹni tó mọ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Nítorí náà wọ́n jọ ń lo àwọn amòye ara wọn. Tí dátà máàpù bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní amòye máàpù, a fi ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé tó ní in, lọ́jọ́ mìíràn tòun náà yóò kàn. Owó Alfred P. Sloan Foundation ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ló bí i, àárò ló ń tọ́ ọ.

Ẹ wo àyíká wa. LAUTECH mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀rọ. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ Bowen ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí ní àwọn tó ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn tipẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn onítẹ̀bọmi ní àwọn ìwé àtijọ́. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́, Federal College of Education (Special) wà níbẹ̀, tí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ìwé àwọn afọ́jú àti èdè ọwọ́ ju ẹnikẹ́ni lágbègbè yìí lọ. Yunifásítì Ajayi Crowther náà wà níbẹ̀. N kò sọ pé wọ́n ti gbà o. Mo ń sọ pé àwọn èèyàn náà wà, ohun tí a kò tíì ṣe ni ká jókòó jọ. WACREN, ẹgbẹ́ tó ń so àwọn yunifásítì agbègbè wa pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Accra, ti ń kó àwọn onílé ìkàwé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ lábẹ́ ètò LIBSENSE lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ẹ kàn sí wọn.

Ẹ wá jẹ́ n sọ ohun tí ẹni tí ẹ bá gbà yóò máa ṣe, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í lóye. Wọ́n rò pé ẹni tí ń gbé fáìlì sókè sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Mo ti tọ́jú dátà tó jọ tiyín rí, mo mọ ohun tí n ó bá níbẹ̀.

N ó kọ́kọ́ bá orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ẹ̀gẹ́, èkejì tó wá láti ibòmíràn kọ pákí, ẹ̀kẹta tí wọ́n bí síbí kọ gbágùúdá. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n sí irè mẹ́ta. Tí ẹnì kan bá tún kọ TMS 30572, orúkọ tí àwọn oníwádìí fún ẹ̀yà ẹ̀gẹ́ kan, síbi tí àwọn yòókù kọ orúkọ ìbílẹ̀, á di mẹ́rin. Olùtọ́jú dátà yóò mú orúkọ kan, yóò sì kọ sílẹ̀ èyí tó yí padà àti ìdí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pa ti àtijọ́ rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àmì ohùn. Ẹ ṣí fáìlì nínú Excel, ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi CSV, ẹ gbàgbé láti mú UTF-8, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà oníàmì bíi tiwa: gbogbo ẹ, ọ àti ṣ inú orúkọ abúlé lè di àmì ìbéèrè, tí ẹ bá sì ti pa á dé, kò sí oògùn. Èyí tó tún ṣòro láti rí ni pé ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi lè tọ́jú lẹ́tà bíi ọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Lójú tiwa, Ọ̀yọ́ àti Ọ̀yọ́ ni. Lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n lè jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan, tí ẹni tó bá ń wá ọ̀kan kò fi ní rí èkejì. Àwọn tó kọ àwọn ohun èlò tí à ń lò kì í rántí ìyẹn fún wa. Ọwọ́ wa ló wà.

Ìwọ̀n wá kàn. Kọ́ńgò ni àwọn ìyá fi ń wọn láfún. Kọ́ńgò ọjà kan kì í bá ti ọjà kejì dọ́gba, bí wọ́n ṣe ń bu orí rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Tí ẹ kò bá kọ iye kílò tí kọ́ńgò abúlé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ní ọdún tí ẹ wọn ọ́n, nọ́ńbà yín kò ní wúlò fún ẹni tó wà ní Ìlọrin, ká tó wá sọ ẹni tó wà ní Bràsíìlì. Omi inú ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ tútù tí omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún tí a bá fi gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ṣírò yóò di 233 tó bá jẹ́ ìwọ̀n gbígbẹ nìkan la fi pín in. Méjèèjì tọ̀nà, iṣẹ́ yín sì mọ̀ wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n mo ti rí tábìlì tí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ láìsọ.

Èyí tó ń wù mí jù láti sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ti ọjọ́. Bi ìyá aláfún pé ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ fi wà nínú omi. Yóò ní ọjọ́ mẹ́rin. Àwa Yorùbá ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọjà tí à ń ná lọ́rọọrún fi ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin lórí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ mẹ́rin ìyá yẹn, wákàtí 72 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi aago wọ̀n ọ́n yóò kọ ọjọ́ mẹ́ta. Tí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú òpó (column) kan nínú fáìlì, ẹnì kan lọ́jọ́ iwájú yóò fi kọ àpilẹ̀kọ pé láfún àwọn ìyá ń pẹ́ jù nínú omi. Kò sí ẹ̀rọ tó lè mú àṣìṣe yìí. Ọmọ Yorùbá tó jókòó ti fáìlì ló lè mú un. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi owó gba èèyàn nílé nìyẹn: a lè yá ilé tí dátà yóò máa gbé, a kò lè yá ẹni tó mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́rin túmọ̀ sí.

Ní ti ilé tí a lè yá náà, ó pọ̀. Zenodo bẹ̀rẹ̀ ní 2013, CERN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ńlá kan ní Yúróòpù, ló ń gbé e ró. Ó ń gba fáìlì tó tó gígábáìtì 50 fún àkójọ kan lọ́fẹ̀ẹ́; gbogbo dátà láfún yín kò lè kún igun kan nínú rẹ̀. Ẹ lè dá àgbègbè tiyín sílẹ̀ nínú rẹ̀, tí orúkọ yín yóò wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ó sì máa pinnu ohun tó lè wọlé. Dryad jẹ́ ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, àwọn olùtọ́jú wọn ń yẹ fáìlì wò kí ó tó jáde, ṣùgbọ́n owó wà nídìí rẹ̀. Dataverse tó ti Harvard jáde ní 2006 àti DSpace tí yunifásítì MIT àti ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà HP gbé jáde ní 2002 jẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ẹ lè gbé kalẹ̀ fúnra yín, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé yunifásítì wa ló sì ti ní DSpace. Tí ìgbìmọ̀ yín bá kọ̀ jálẹ̀ pé ó di dandan kí nǹkan kan wà nílé, DSpace ilé ìkàwé ni kí ẹ fún lágbára. Kò sídìí láti da òmíràn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibi yòówù kí ẹ mú, kí dátà gba DOI, ìyẹn nọ́ńbà tí kò ní yí padà bí fáìlì tilẹ̀ kó kúrò nílé kan sí òmíràn. DataCite, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, ló ń bójú tó ti dátà. Ẹ mọ̀ dájú o, nọ́ńbà náà kì í tọ́jú ara rẹ̀. Tí fáìlì bá kó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà. Àárò náà tún ni.

Àwọn àgbà tí inú ń bí kò jẹ̀bi. Wọ́n ti rí ohun tó ti ilẹ̀ yìí lọ tí kò padà. Èmi náà kò ní gbà pé kí ẹ̀dà kan ṣoṣo wà lókè òkun, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní gbà pé kí ẹ̀dà kan ṣoṣo wà lábẹ́ òrùlé wa. Ẹ bá mi sọ ti irúgbìn fún wọn, wọ́n á lóye. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ní àkójọ irúgbìn ẹ̀wà tó pọ̀ jù lágbàáyé. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àká kan tó wà nínú òkè yìnyín ní Svalbard, nílẹ̀ Norway, tí wọ́n ṣí ní 2008. Irúgbìn tí ẹnì kan kó síbẹ̀, tirẹ̀ ni. Àwọn onílé kò láṣẹ láti tú u. Ní 2015, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ICARDA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí irè oko ilẹ̀ gbígbẹ, lè lo àká tirẹ̀ ní Aleppo nílẹ̀ Síríà mọ́, ó lọ gba irúgbìn rẹ̀ padà ní Svalbard, ó gbìn ín ní Lẹ́bánónì àti Mòrókò. Àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àbùdá ẹ̀dá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan ní àká kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pààrọ̀ ohun tó bá wọlé lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ̀dà kan ní Ogbómọ̀ṣọ́, ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń ṣe àárò, ẹ̀dà kan lókè òkun. Orúkọ yín àti ti ilé-ẹ̀kọ́ yín wà lára gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọrọ̀ náà kì í ṣe tiyín nìkan. Ti àwọn ìyá aláfún ni kó tó di tiyín. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kò fàyè gba pé kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn jáde láìjẹ́ pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ tàbí pé ìdí mìíràn tó bófin mu wà. Kí ẹ yọ orúkọ nìkan kò tó. Nínú abúlé kékeré, tí ẹ bá kọ pé opó ni, ọmọ mẹ́fà, òun ló ni ẹ̀rọ ìlọ̀ẹ̀gẹ́, gbogbo abúlé ti mọ ẹni náà. Ẹ sọ wọ́n di ẹgbẹẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ibi tí ilé wọn wà lórí máàpù jáde, kí ẹ sì padà lọ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń dá iṣẹ́ dúró nítorí yín.

Fún ìpàdé yín, ẹ béèrè ohun kan pàtó: kí owó olùtọ́jú dátà wọnú ìṣúná ilé ìkàwé lọ́dọọdún, kí ó má ṣe wà lára owó ìwádìí kankan. Kí owó ìwádìí yìí san ohun tó lópin: ìdálẹ́kọ̀ọ́, àtúnṣe àwọn fáìlì àtijọ́, ìrìn-àjò láti lọ bá àwọn ará Ọ̀yọ́ kọ ìwé àdéhùn. Tí olórí ilé ìkàwé bá ní kò sí owó fún odindi òṣìṣẹ́, ẹ ní ìdajì ni ẹ wá gbà, ilé-ẹ̀kọ́ kejì yóò san ìdajì.

Kí ìpàdé náà tó dé, ẹ mú fáìlì ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ dà á kọ sórí nǹkan kẹta tí kò ní í gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú laptop yín, lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wá kọ àlàyé ojú ìwé kan nípa rẹ̀ ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì: òpó kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó wọ̀n ọ́n, ohun tí àlàfo túmọ̀ sí, bóyá ẹ kò wọ̀n ọ́n ni àbí òfo lẹ bá. Ẹ gbé àwọn méjèèjì fún ẹnì kan tí kò bá yín dé abúlé rí, kí ó sọ ìtumọ̀ ìlà ogún fún yín láìbéèrè nǹkan kan. Ibi tó bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa kọ lọ.